Àáké Kì í Pín Ilé Oyin: Àlàyé lórí Ọ̀sìn Oyin Aláìta láàárín Àwọn Maya ti Yucatán

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí àwọn Maya ilẹ̀ Yucatán ní Mẹ́síkò ṣe ń sin oyin tí kì í ta, bí a ṣe ń pín ilé rẹ̀ sí méjì, àti bí a ṣe ń kó oyin inú rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà tẹnu mọ́ ni pé pípín ilé ni òpó tí ó gbé ọ̀sìn yìí ró. Níbi tí a bá ti ń kó oyin láìpín ilé, ilé oyin yóò máa dín kù títí tí yóò fi tán, bí ìmọ̀ àwọn àgbà nípa rẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀. Iṣẹ́ náà tún yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá lè fi ru ìmọ̀ yìí wò, nítorí pé irú oyin bẹ́ẹ̀ wà nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú.

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìfaradà ni òwe yìí ń kọ́ ni: ẹni tí ó bá ń wá ohun dídùn kò gbọdọ̀ máa ṣírò ohun tí yóò bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà tún gbé àwòrán kan kalẹ̀ nípa oyin fúnra rẹ̀. Nínú àwòrán náà, oyin jẹ́ ohun tí a ń lọ bá níbi tí ó fara pamọ́ sí, tí a ń fi irin là jáde, tí a sì ń kó lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé oyin lẹ́yìn tí àáké kúrò níbẹ̀ kò sí nínú òwe náà.

Fún oyin tí ń ta, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín wa, ọ̀rọ̀ náà ṣì ní àtúnṣe díẹ̀. Bí a bá dà á láàmú, ó lè ṣí lọ pẹ̀lú ayaba rẹ̀, kí ó sì kọ́ ilé mìíràn. Oyin aláìta kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ayaba rẹ̀ tí ó ti ń yé ẹyin ti sanra ní ikùn débi pé kò lè fò mọ́. Bí àáké bá la ilé rẹ̀, kò sí ibi tí yóò sá lọ. Ìdílé náà parí síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ máa jẹ oyin aláìta lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ ní ọgbọ́n mìíràn yàtọ̀ sí ti àáké.

Oríṣi oyin aláìta tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fún lórúkọ lé ní 500, ilẹ̀ olóoru ni gbogbo wọn sì ń gbé: Áfíríkà, Éṣíà, Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé wọn kò ní abẹ́rẹ́ rárá. Abẹ́rẹ́ náà ti kéré débi pé kò wúlò fún títa. Eyín, oje igi àti wíwọ inú irun ọ̀tá ni wọ́n fi ń gbèjà ara wọn. Láàárín gbogbo àwọn tí ń sìn wọ́n, àwọn Maya ti Yucatán wà lára àwọn tí ìtàn wọn pẹ́ jù tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ṣe kedere jù. Ìtàn náà ní àṣeyọrí nínú, ó sì ní àdánù nínú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ ní yíyẹ̀wò.

2. Xunan kab àti ilé rẹ̀

Oríṣi tí àwọn Maya ń sìn jù lọ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní Melipona beecheii. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Maya ni xunan kab. Xunan túmọ̀ sí ìyáàfin tàbí obìnrin ọlọ́lá. Kab ni kòkòrò oyin. Kab kan náà ni wọ́n ń pe oyin tí a ń lá, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe kòkòrò náà àti ohun tí ó ń pèsè.

Ẹ̀rí tí ó wà pé ọ̀sìn yìí ti pẹ́ kò kéré. Nínú ìwé àtijọ́ díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù fún àwọn Maya, ọ̀kan tí ó wà ní Madrid lónìí ní àwọn ojú ìwé tí a yà sọ́tọ̀ fún oyin, fún ilé oyin àti fún àwọn òrìṣà tí ń ṣọ́ wọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àwọn òkúta pẹlẹbẹ roboto tí a fi ń dí ẹnu ilé oyin, pàápàá ní erékùṣù Cozumel. Diego de Landa, àlùfáà ará Sípéènì tí ó kọ ìwé rẹ̀ nípa Yucatán ní nǹkan bí 1566, ṣàkíyèsí pé oyin ilẹ̀ náà kì í ta, ó sì mẹ́nu ba ọdún tí àwọn olùsìn oyin ń ṣe. Landa yìí kan náà ni ó pàṣẹ ní 1562 pé kí a dáná sun àwọn ìwé àwọn Maya ní ìlú Maní. Púpọ̀ nínú ohun tí ó ṣẹ́ kù nípa iṣẹ́ yìí jẹ́ èyí tí ọwọ́ àti ẹnu gbé dé òní.

Ilé tí wọ́n ń sin ín sí ni jobón: ìtì igi oníhò tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, tí a dùbúlẹ̀, tí a fi igi tàbí òkúta roboto dí ní ojú méjèèjì, tí a sì fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́. Ihò kékeré kan ní àárín ìtì náà ni ọ̀nà àbáwọlé. Abẹ́ ìbòrí tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ni a ń to àwọn ìtì náà sí lórí ara wọn nínú àgbàlá. Ìtòsí ilé ènìyàn ni wọ́n ń gbé, nítorí pé kò sí ẹni tí wọn yóò ta.

3. Bí ìdílé oyin náà ṣe ń bí sí i

Ẹni tí kò mọ bí ìdílé yìí ṣe ń bí sí i kò lè pín in. Ohun mẹ́rin ni ó ṣe pàtàkì.

Èkíní ni oúnjẹ ọmọ. Oyin tí ń ta máa ń ṣí yàrá ọmọ sílẹ̀, ó sì ń bọ́ ìdin lọ́jọ́ dé ọjọ́. Oyin aláìta kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò kọ́ yàrá kékeré, wọn yóò da gbogbo oúnjẹ tí ọmọ yóò jẹ títí tí yóò fi dàgbà sínú rẹ̀, ayaba yóò yé ẹyin kan lé orí oúnjẹ náà, a ó sì dí yàrá náà lójú ẹsẹ̀. Ó di nǹkan bí ọjọ́ 50 lẹ́yìn náà kí ọmọ tó jáde. Ìdí nìyí tí a fi lè gbé afárá ọmọ láti ilé kan sí òmíràn láìsí pé ebi pa ọmọ inú rẹ̀: oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èkejì ni àwọ̀ afárá. Àpòpọ̀ ìda àti oje igi ni wọ́n fi ń kọ́ ohun gbogbo nínú ilé, nítorí náà afárá tuntun máa ń dúdú bí àwọ̀ pákó. Bí ìdin bá ti dàgbà tí ó sì ti ran òwú yí ara rẹ̀ ká, àwọn òṣìṣẹ́ yóò ha ìda tí ó wà lára yàrá náà kúrò láti fi kọ́ ibòmíràn. Afárá náà yóò wá funfun díẹ̀. Olùsìn tí ó mọ̀ ọ́n wò yóò mọ ọjọ́ orí ọmọ láti ara àwọ̀ yìí.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí ayaba ti ń wá. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ oríṣi oyin aláìta mìíràn, yàrá ayaba tóbi ju ti àwọn yòókù lọ. Lọ́dọ̀ Melipona, yàrá kan náà ni ayaba, òṣìṣẹ́ àti akọ ti ń jáde. Warwick Kerr, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Bràsíìlì, ṣàlàyé ní 1950 pé nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ tí ó jẹ́ abo lè jẹ́ ayaba. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Èyí já sí pé afárá èyíkéyìí tí ọmọ inú rẹ̀ ti gbó ni ó ṣeé ṣe kí ayaba wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni bí ìdílé ṣe ń pín ara rẹ̀ nínú igbó. Láàárín àwọn oyin tí ń ta, ayaba àgbà ni ó ń fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ. Láàárín àwọn oyin aláìta, ìyá ni ó ń jókòó. Ọmọ ni ó ń jáde. Kí ayaba ọ̀dọ́ tó jáde, àwọn òṣìṣẹ́ yóò ti rí ihò igi mìíràn, wọn yóò sì máa gbé ìda àti oúnjẹ láti ilé ìyá lọ síbẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ yìí lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ilé ọmọ kì í dá dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí olùsìn ń ṣe nígbà tí ó bá ń pín ilé ni pé ó ń fara wé ìgbésẹ̀ yìí.

4. Pípín ilé

Àkókò tí òdòdó pọ̀ ni a ń pín ilé, ilé tí ó lágbára nìkan ni a sì ń pín. Olùsìn yóò ṣí ilé ìyá, yóò wá afárá méjì tàbí mẹ́ta tí ó ti funfun, yóò sì gbé wọn sínú ilé tuntun. A kì í dojú afárá dé. Ẹyin àti ìdin kékeré ń léfòó lórí oúnjẹ wọn bí ọkọ̀ lórí omi. Bí a bá dojú rẹ̀ dé, wọ́n á rì. A tún máa ń fi èérún ìda díẹ̀ sí abẹ́ afárá kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí àyè rìn lábẹ́ rẹ̀. Kí afárá tó kúrò nínú ilé ìyá, olùsìn gbọ́dọ̀ wò ó dáadáa kí ayaba àgbà má baà bá a lọ.

Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ìda díẹ̀ àti ìkòkò oyin tí kò fọ́ sínú ilé ọmọ, a ó sì fi ìda láti ẹnu ọ̀nà ilé ìyá pa ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè dà bí ti ilé. Èyí tí ó kù ni ọ̀rọ̀ ipò. Ilé ọmọ ni a ń gbé sí ibi tí ilé ìyá wà tẹ́lẹ̀; ilé ìyá ni a ń gbé lọ sí ibòmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti re oko yóò padà sí ibi tí wọ́n mọ̀, wọn yóò sì di ọmọ ilé tuntun. Ilé ìyá kò ní bàjẹ́ nítorí èyí: ayaba tí ń yé ẹyin wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò tíì máa jáde wà níbẹ̀, afárá tuntun sì wà níbẹ̀. Ilé ọmọ ní tirẹ̀ yóò ní ayaba ọ̀dọ́ tí yóò jáde lọ pàdé akọ, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá sí yàrá tuntun nínú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, a ó tún fún un ní afárá mìíràn.

Ewu tí ó tóbi jù ní àkókò yìí ni eṣinṣin kékeré kan, Pseudohypocera kerteszi. Òórùn eruku òdòdó tí a tú síta ni ó ń pè é. Bí ó bá yé ẹyin sínú ilé tí kò tíì lágbára, ìdin rẹ̀ lè jẹ ilé náà run láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ìkòkò eruku òdòdó tí ó fọ́ kò gbọdọ̀ wọ ilé ọmọ, gbogbo ojú ihò àti ìlà ni a sì gbọdọ̀ fi amọ̀ dí.

Ewu kejì kì í tètè hàn. Akọ oyin máa ń wá láti inú ẹyin tí kò ní bàbá. Bí àwọn òbí bá jẹ́ ìbátan tó bẹ́ẹ̀ tí àbùdá tí ń pinnu akọ àti abo fi bára mu, ìdajì ẹyin tí ó yẹ kí ó di òṣìṣẹ́ yóò di akọ tí kò wúlò. Ní 1982, Kerr àti Vencovsky ṣírò rẹ̀ pé ó yẹ kí ilé oyin tó 44 ní agbègbè kan kí irú àbùkù yìí má baà pa wọ́n run. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2011 fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn oyin Melipona scutellaris kan ní Bràsíìlì ti wà fún ọdún tí ó lé ní 10 bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé méjì péré ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí olùsìn rí kọ́ níbẹ̀ kò yí padà: ó dára kí aládùúgbò máa ṣe pàṣípààrọ̀ afárá. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

5. Kíkó oyin

Oyin aláìta kì í tọ́jú oyin rẹ̀ sínú afárá. Inú ìkòkò kékeré tí a fi ìda àti oje igi mọ ni ó ń kó o sí, ìkòkò eruku òdòdó sì ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú jobón, àárín ni àwọn ọmọ máa ń wà, ìkòkò ni ó wà ní ìkángun méjèèjì. Ètò yìí ni ó jẹ́ kí a lè kó oyin láìfọwọ́ kan ọmọ: olùsìn yóò ṣí ẹnu ìtì, yóò fi igi ṣóńṣó lu ìkòkò oyin, yóò sì rọra gbé ìtì náà sókè ní apá kan kí oyin lè ṣàn sínú igbá. Àwọn mìíràn lónìí ń fi abẹ́rẹ́ ńlá fa oyin inú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó mọ́ tónítóní jù.

Ohun tí a ń rí kò pọ̀. Ní ọdún kan, ilé xunan kab kan kì í sábà fúnni ju lítà kan tàbí méjì lọ, nígbà tí ilé oyin tí ń ta lè fúnni ní ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Oyin náà ṣàn bí omi, ó sì ní ìkan díẹ̀ nínú adùn rẹ̀. Ìwọ̀n omi inú oyin aláìta sábà máa ń wà láàárín 25 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni òfin ọjà àgbáyé kò fẹ́ kí ti oyin tí ń ta ju 20 lọ. Nítorí omi yìí, ó máa ń tètè hó bí a kò bá gbé e síbi tútù. Àwọn Maya ń lò ó fún ojú tí ń dùn ni àti fún obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n sì ń fi oyin pọ ọtí balché fún ètùtù.

Òfin tí kò ṣeé yẹ̀ ni pé a kì í kó gbogbo rẹ̀. Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ni a kì í kó rárá títí tí yóò fi rí ẹsẹ̀ fìdí múlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pín ilé àti ẹni tí ó bá fẹ́ kó oyin ń du oúnjẹ kan náà. Bí olùsìn bá kó lónìí, ó ti sún ọjọ́ pípín síwájú.

6. Ìdí tí ilé oyin fi dín kù

Ìwádìí tí Villanueva-Gutiérrez, Roubik àti Colli-Ucán tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé ní agbègbè Maya ti Quintana Roo, ilé xunan kab tí àwọn ènìyàn ń sìn dín kù ní ìwọ̀n 93 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín nǹkan bí ọdún 25. Iṣẹ́ tí ogun, òfin àjèjì àti iná Landa kò pa ni ó ń kú lọ ní ojú ìran kan.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi ni oyin mìíràn tí ó wá láti Áfíríkà. Ní 1956, Kerr kó àwọn ayaba oyin tí ń ta láti Áfíríkà wá sí Bràsíìlì. Ní 1957, díẹ̀ nínú wọn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wọn tàn kálẹ̀ títí wọ́n fi dé Yucatán ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ní 1988, ìjì líle tí a pè ní Gilbert wó igbó púpọ̀ lulẹ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni a ti ń gé igbó fún oko àti ẹran ọ̀sìn, tí oyin tí ń ta láti Yúróòpù sì ti gba ọjà nítorí pé oyin rẹ̀ pọ̀ jù.

Gbogbo èyí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ó jinlẹ̀ jù wọ́n lọ. Ilé oyin kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí yóò kú, yálà nípa ìjì, eṣinṣin, èèrà tàbí ọ̀dá. Bí olùsìn bá ń pín ilé, àdánù yìí kì í pa á lára. Ní Quintana Roo, ọ̀pọ̀ olùsìn ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ kò sì kọ́ṣẹ́ náà. Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ ni à ń kó oyin rẹ̀ lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tí ń pín in. Jobón fúnra rẹ̀ kò mú pípín rọrùn, nítorí pé ojú kò ríran dé àárín ìtì. Àwọn ènìyàn ṣì ń kó oyin pẹ̀lú àdúrà àti ọ̀wọ̀, síbẹ̀ iye ilé oyin ń dín.

Ìdí nìyí tí àtúnṣe fi bẹ̀rẹ̀ láti orí pípín. Ní Bràsíìlì, Paulo Nogueira-Neto, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀sìn yìí jáde ní 1953, ṣe àpótí olórí-ò-jorí tí a lè ya apá kan rẹ̀ kúrò lára òmíràn. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti dé Yucatán, Yunifásítì ìpínlẹ̀ náà àti àwọn ilé ìwádìí sì ń kọ́ àwọn ará abúlé bí a ṣe ń pín ilé. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ ọ báyìí jẹ́ obìnrin, nínú iṣẹ́ tí ó ti jẹ́ ti àwọn bàbá àgbà tẹ́lẹ̀.

7. Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ yìí

Xunan kab kò jìnnà sí ìtàn Yorùbá pátápátá. Oríṣi kan náà, Melipona beecheii, wà ní Kúbà, níbi tí wọ́n ń pè é ní oyin ilẹ̀ náà ní èdè Sípáníìṣì. Ní erékùṣù yìí kan náà ni àwọn Lukumí ti pa ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ gẹ́gẹ́ bí oñí, tí ẹni tí ó bá gbé oyin fún Ọ̀ṣun sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ní ìhà ti wa, àwọn oyin aláìta bíi Meliponula, Hypotrigona àti Dactylurina wà ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cape Coast ní Gánà sì ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń sin àwọn kan nínú wọn.

Bí a óò bá kọ́ ọmọ Yorùbá ní iṣẹ́ yìí, èdè kò ní jẹ́ ìdíwọ́. Ìda, afárá, ìdin, oje igi, ayaba àti akọ wà nílẹ̀. Ìkòkò oyin bá ohun tí ojú rí mu gan-an. Afárá ọmọ ya ibi tí ọmọ wà sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí oyin wà, ìyàtọ̀ tí afárá lásán kò lè fi hàn. Ilé ìyá àti ilé ọmọ sọ ìbátan tí ó wà láàárín ilé méjèèjì, wọ́n sì rán olùsìn létí pé ọmọ ṣì nílò ìyá fún ìgbà díẹ̀. Ìda olóje lè dúró fún àpòpọ̀ ìda àti oje igi tí oyin tí ń ta kì í lò.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba ìrònú jù ni pín. Pínpín ogún máa ń tẹ̀lé ikú, ìpínyà sì máa ń dun ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Yorùbá ní àwòrán mìíràn lọ́wọ́. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tí ń ya ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lára ìyá rẹ̀ láti gbìn ín sí ibòmíràn ti mọ ohun tí pípín ilé oyin jẹ́: ìyá kò kú, ọmọ kò ṣòfò, oko sì gbòòrò sí i. Òwe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó yẹ kí ó dúró ti iṣẹ́ yìí, dípò òwe àáké.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé tí ó wà lókè fi hàn pé ọ̀sìn oyin aláìta dúró lórí ìmọ̀ mẹ́ta: mímọ ọjọ́ orí afárá, mímọ ibi tí ayaba ti ń wá, àti mímọ ìgbà tí kò yẹ kí a kó oyin. Àwọn Maya ní ìmọ̀ náà, wọ́n ní orúkọ fún un, wọ́n sì ní ètùtù tí ó bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ilé oyin dín kù nígbà tí ọwọ́ tí ń pín in dín kù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí igi tí ó tó ní ihò nínú ń dín kù lọ́dọọdún, ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn onímọ̀ èdè àti onímọ̀ ọ̀gbìn ni bí àwọn ọ̀rọ̀ tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí yóò ṣe dé ẹnu ẹni tí ó ń gbé àáké lọ sí igbó. Ẹni náà mọ ibi tí oyin aláìta wà ju ọ̀mọ̀wé lọ. Bí ó bá gbé afárá ọmọ méjì wálé kí igi náà tó wó, ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn.